Má ra bíìtì tó fẹ̀ jù lọ́jà: ìdáhùn fún ọmọ Òbáńtókò tó fẹ́ kí ojú pátákó rẹ̀ tẹ́jú

Ìbéèrè náà lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Òbáńtókò ni mò ń gbé, ní Abẹ́òkúta níbí. Mo gé àjẹkù ìrókò àti ọ̀gànwó sí wẹ́wẹ́, mo gbé orí wọn sókè, mo fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀ di pátákó ìgé-ẹran, íǹṣì 12 ní ìbú, íǹṣì 18 ní gígùn. Nígbà tí gúlù gbẹ, ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun, ibì kan fi mílímítà 3 ga ju ibì kejì lọ. Mo ní ráútà tókunbọ̀ kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ẹ̀rọ iná tó ń yí abẹ fi gbẹ́ igi. Ó gba bíìtì (abẹ tí a ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu) onídìí ààbọ̀ íǹṣì, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ẹni tó ń ta bíìtì ní kí n ra èyí tó fẹ̀ jù, íǹṣì méjì ààbọ̀, pé iṣẹ́ á yá. Ṣé kí n rà á?”

Má rà á, ọmọ mi. Bí o bá sì ti sanwó rẹ̀ kí ìdáhùn yìí tó dé ọwọ́ rẹ, dá a padà sínú páálí rẹ̀, kí o máa bá mi bọ̀. A óò rí iṣẹ́ fún un lẹ́yìnwá.

Èyí tí mo fẹ́ kí o wá kiri nìyí: bíìtì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ íǹṣì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì kan sí íǹṣì kan ààbọ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ń gé igi, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan, tí igun ẹnu rẹ̀ sì ká díẹ̀ bí orí èékánná tí wọ́n gé dáadáa. Àwọn kan ń pè é ní “bottom cleaning bit.” Bí ẹni tó ń tà kò bá mọ orúkọ yẹn, má bá a jiyàn, ṣáà da bíìtì náà délẹ̀ kí o wo abẹ́ rẹ̀. Bí kábáìdì, ẹnu líle tó ń gé igi, bá ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú lọ sí ìhà àárín abẹ́ náà, òun nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kábáìdì wà, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ti fífá etí igi ni. Òmíràn ní béárìnì lókè ọrùn rẹ̀, fún àwọn tó ń tẹ̀lé àwòṣe. Kò ní ṣe ọ́ ní ibi kankan, ṣùgbọ́n má fi owó kún owó nítorí béárìnì tí o kò ní lò.

Ìdí tí mo fi fẹ́ kí igun ẹnu rẹ̀ ká nìyí. Bíìtì tí igun rẹ̀ mú ṣánṣán máa ń fi ìlà sílẹ̀ níbi tí ìrìn kan, ìyẹn títi ráútà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ti pàdé èkejì. Ìlà náà lè má ga ju irun orí lọ, síbẹ̀ lórí orí igi (ojú tó yọ níbi tí a ti gé igi ní ìbú), sáńpépà yóò jẹ ọwọ́ rẹ kí ó tó jẹ ẹ́ tán. Èyí tí igun rẹ̀ ká a máa fi ìrìn kan wọ inú èkejì wọ́ọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún ọ kí a tó jìnnà: bíìtì kò mọ ohun tó ń jẹ́ títẹ́jú. Ohun tó bá gbé ráútà lẹ́sẹ̀ ni bíìtì ń fara wé. Bí o bá di ráútà mú lásán tí o ń fi ọwọ́ tì í kiri lórí pátákó gbágungbàgun, òun náà yóò gun òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì gbẹ́ gbágungbàgun míì sí i. Afárá ló máa mú pátákó rẹ tẹ́jú. (Afárá tí ọkọ̀ ń gbà ni mo wí o, kì í ṣe igi àfàrà. Bó o bá sì fi igi àfàrà ṣe ẹ̀gbẹ́ afárá náà, kò burú, ó fúyẹ́.) Pákó pẹrẹsẹ kan ni afárá yìí, pùláíúùdù mílímítà 18 ti tó, tí a la ojú ihò gbọọrọ sí láàárín kí bíìtì lè yọ nísàlẹ̀, tí a sì kan igi méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ráútà má baà yà bàrá. Orí igi ìdúró méjì ló dúró lé, ọ̀kan lápá ọ̀tún pátákó rẹ, ọ̀kan lápá òsì, kí àwọn méjèèjì sì ga díẹ̀ ju pátákó náà lọ.

Bí igi ìdúró méjèèjì bá lọ́, pátákó yóò lọ́ bíi tiwọn. Bí pùláíúùdù bá rì láàárín nítorí ìwúwo ráútà, àárín pátákó yóò rì. Nítorí náà, ta okùn kan láti igun igi ìdúró ọ̀tún lọ sí igun ìkejì lápá òsì, kí o tún ta òmíràn gba igun méjì tó kù. Níbi tí wọ́n ti gba ara wọn kọjá, ó yẹ kí wọ́n fi ara kan ara láìsí pé ọ̀kan ń ti èkejì. Bí àyè bá wà láàárín wọn tàbí tí ọ̀kan ń gbé èkejì sókè, fi páálí tín-ín-rín bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tó kéré títí yóò fi bára mu. Bó o bá fi wákàtí kan ṣe èyí nìkan, o kò fi àkókò ṣòfò. Pátákó tìkára rẹ̀ ńkọ́? Gbé e sílẹ̀, tẹ igun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń mì, ki páálí tàbí ìrẹ́pẹ́ igi sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi dákẹ́, kí o tó kan igi kékeré yí i ká kí ó má baà rìn. Kí àwọn igi kékeré yẹn rẹlẹ̀ ju ibi tí bíìtì máa dé o, kí ó má baà bá ìṣó pàdé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ á yá. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé a lè ṣírò rẹ̀. Pátákó rẹ fẹ̀ tó 300 mílímítà. Ìrìn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gun èyí tó ṣáájú rẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ó má baà fi òkè sílẹ̀ láàárín. Bíìtì ààbọ̀ íǹṣì yóò rìn bí ìgbà 36 kí ó tó la pátákó náà já. Bíìtì íǹṣì kan, bí ìgbà 18. Íǹṣì kan ààbọ̀, bí ìgbà 12. Íǹṣì méjì ààbọ̀, bí ìgbà 7. Wò ó dáadáa. Nígbà tí o kúrò ní ààbọ̀ íǹṣì bọ́ sí íǹṣì kan, o jèrè ìrìn 18. Nígbà tí o fò láti íǹṣì kan ààbọ̀ lọ sí méjì ààbọ̀, ìrìn márùn-ún péré lo jèrè, bẹ́ẹ̀ ìrìn kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lórí pátákó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18. Nítorí ìrìn márùn-ún ni wọ́n fẹ́ kí o gbé irin tó fẹ̀ tó ẹnu ife sábẹ́ ọwọ́ rẹ.

Irin náà ńkọ́? Bí o bá fi okùn yí etí bíìtì íǹṣì méjì ààbọ̀ ká, okùn náà yóò gùn tó 200 mílímítà. Ráútà tó ń yí ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé ẹnu bíìtì náà ń rin 80 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sọ ọ́ lédè awakọ̀, ó lé ní 280 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò tí ì sí ọkọ̀ tó gbéra ní Kútọ̀ lọ sí Èkó tó sáré bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí dírẹ́bà rẹ̀ kánjú tó. Bíìtì íǹṣì kan, lórí ìyí kan náà, kò ju 32 mítà lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe bíìtì fi ní kí a dín ìyí kù bí bíìtì ṣe ń fẹ̀ sí i: tí kò bá ju íǹṣì kan lọ, 24,000 kò burú, láti íǹṣì kan àti ìlàrin dé íǹṣì méjì, 18,000, íǹṣì méjì ààbọ̀, 16,000, tó bá tó íǹṣì mẹ́ta, 12,000. Bí èyí tí wọ́n kọ sára páálí bíìtì rẹ bá kéré ju èyí lọ, ti páálí ni kí o gbọ́.

Wá wo ara ráútà rẹ bóyá ó ní ibi tí a fi ń yí eré rẹ̀ sókè sódò. Nọ́ńbà 1 dé 6 ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Má ṣe rò pé nọ́ńbà 3 ti ráútà mi bá nọ́ńbà 3 ti tìrẹ mu. Ìwé tó bá a wá nìkan ló lè sọ iye tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí ráútà rẹ kò bá ní ibi tí a ti ń yí eré, tó jẹ́ pé bó ṣe ń jí ló ń sá, má fi bíìtì tó ju íǹṣì kan lọ sí i lẹ́nu. Ohun mìíràn tún nìyí tí ẹni tó ń tà á kò sọ fún ọ: ṣé ihò abẹ́ ráútà rẹ tilẹ̀ gba íǹṣì méjì ààbọ̀? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò gbà á. Fi rúlà wọ̀n ọ́n ná.

Bíìtì tó fẹ̀ tún ní àléébù kan tí ojú kì í tètè rí. Kò sí ráútà tó dúró gbọnrangandan pátápátá, gbogbo wọn ló ń tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ká ní títẹ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ kan bíìtì íǹṣì kan ga ju èkejì lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Títẹ̀ kan náà yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà lábẹ́ íǹṣì méjì ààbọ̀. Ìrìn kọ̀ọ̀kan yóò wá di àkàsọ̀, ojú pátákó yóò rí bíi páànù òrùlé. Bí ìwọ bá rí àkàsọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, má bínú sí bíìtì, abẹ́ ráútà ni kí o lọ tún tò.

Mo fẹ́ sọ nípa kọ́lẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń ki ìdí bíìtì bọ̀ ráútà lẹ́nu, nítorí pé mo ti jẹ ìyà rẹ̀. Ó ti pẹ́. Tábìlì oníbàárà kan ni, igi gbooro kan ṣoṣo, mo sì ra bíìtì tuntun lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní ààbọ̀ íǹṣì ni ìdí rẹ̀. Mo kì í bọ kọ́lẹ́ẹ̀tì, mo fi sípánà dè é pinpin, mo bẹ̀rẹ̀. Ìrìn kìn-ín-ní, ó dára. Ìkarùn-ún, ó dára. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ń dé òpin, ohùn ráútà yí padà, ó ń kùn bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Mo rò pé igi ló le níbẹ̀, mo bá tẹ̀ síwájú. Nígbà tí mo pa iná tí mo gbé afárá kúrò, tábìlì ti kọlà! Ilà kan ṣoṣo, gbọọrọ, ó jìn ní mílímítà 4 ní ìparí rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ilé baba tábìlì náà hàn. Bíìtì ti ń yọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu kọ́lẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀. Mo fi kálípà wọn ìdí rẹ̀: mílímítà 12 ni. Ààbọ̀ íǹṣì tòótọ́ jẹ́ 12.7. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, sípánà pàápàá kò mọ̀ ọ́n, ó dè, ó sì dà bíi pé ó di í mú. Gbogbo ojú tábìlì ni mo tún gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ kí ìlà náà tó parẹ́, ọjọ́ méjì sì bá a lọ.

Bákan náà ni ti mílímítà 6 àti ìlàrin íǹṣì tó jẹ́ 6.35. Ọjà wa kún fún méjèèjì, torí pé èyí tó ti Yúróòpù wá ń lo mílímítà 6, 8 àti 12, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń lo íǹṣì, ti Ṣáínà sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ráútà láti Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń gba íǹṣì, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. Wo ohun tí wọ́n fín sára kọ́lẹ́ẹ̀tì náà, kí o mú un lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Bí o bá ń kì í, yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná ná. Ti ìdí bíìtì wọlé títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí o wá fà á padà bíi mílímítà 3 kí o tó dè é. Kọ́lẹ́ẹ̀tì máa ń sún wọlé díẹ̀ bí o ṣe ń dè é. Bí ìdí bíìtì bá ti kan ilẹ̀, kò ní àyè láti sún, ìdè náà á sì jẹ́ ti ẹ̀tàn.

O ṣeun tí o gbé orí igi sókè. Kùkùté tí àwọn alápatà fi ń gé ẹran, orí igi náà ló kọjú sókè, ìdí sì wà. Mú ọwọ̀ kan tí wọ́n dì pinpin, gbé e dúró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí o fi ọ̀bẹ gún un. Ọ̀bẹ yóò wọ àárín ìgbálẹ̀, yóò jáde, àwọn ìgbálẹ̀ náà yóò tún padà fara mọ́ra. Bí orí igi ṣe rí nìyẹn, òun ló jẹ́ kí ọ̀bẹ pẹ́ kí ó tó kú, tí ojú pátákó kò sì tètè yọ ọgbẹ́. Àmọ́ ọwọ̀ yẹn kan náà ni yóò fún ọ ní wàhálà. Fi igi gbá etí rẹ̀ láti inú lọ síta, kí o wo àwọn ìgbálẹ̀ tó wà létí pátápátá: kò sí ohun tó ti wọn lẹ́yìn, wọn á ya. Bí bíìtì bá ti inú pátákó jáde sí etí rẹ̀, ohun tí yóò ṣe nìyẹn. Wàá gbọ́ “pà!”, ìrẹ́pẹ́ kan yóò fò lọ síbi tí o kò ní rí i mọ́. Nítorí ẹ̀ nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o gbé irú pátákó yìí lọ fi ẹ̀rọ tó ń fá igi ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó, má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn fún gígùn igi ni. Bí ó bá gbá orí igi mú, ó lè fọ́ pátákó náà sí wẹ́wẹ́ kó sì ju ú sí ẹni tó dúró lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí ó dá mi lójú jù láti dá etí sí ni kí o fi gúlù lẹ igi jákujàku mọ́ etí pátákó náà yí ká, kó nípọn bí íǹṣì kan, kó sì ga tó pátákó. Ẹ̀gbẹ́ pátákó orí igi máa ń gba gúlù dáadáa, nítorí pé gígùn igi ló wà níbẹ̀. Igi jákujàku ni yóò ya, kì í ṣe tìẹ. Bó o bá parí, fi ayùn gé e kúrò. Bí o kò bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, tètè gbẹ́ etí yípo kí o tó gbẹ́ àárín, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí o máa gbà rìn ṣe pàtàkì. Bí o bá wo ráútà láti òkè, bíìtì rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ aago. Ìwọ náà gba etí pátákó bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ: etí tó sún mọ́ ikùn rẹ, láti ọ̀tún lọ sí òsì, etí òsì, kí o máa tì í síwájú, etí tó jìnnà, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Báyìí, ẹnu bíìtì yóò máa ti ìta wọ inú igi, kò sì sí ìgbálẹ̀ tó máa ya. Mọ̀ pé lọ́nà yìí ráútà yóò máa fẹ́ sá lọ mọ́ ọ lọ́wọ́, nítorí náà, má jẹ́ kí ó jinlẹ̀ ju ààbọ̀ mílímítà lọ, kí o di ọwọ́ méjèèjì mú un.

Bí ọ̀rọ̀ jíjìn ṣe dé nìyẹn, mílímítà kan lẹ́ẹ̀kan ti tó lórí orí igi. Mílímítà 3 tí o sọ, ìgbà mẹ́ta nìyẹn, kí o wá fi ààbọ̀ mílímítà ṣe àṣekẹ́yìn. Má ki bíìtì sọ̀ kalẹ̀ tààrà sí àárín pátákó, torí ọ̀pọ̀ irú bíìtì yìí ni kò ní ẹnu ní gbùngbùn abẹ́ rẹ̀, igi ni yóò máa jó níbẹ̀. Láti ìta ni kí o ti wọlé.

Ìrókò rẹ ńkọ́? Ọ̀gànwó kò ní dà ọ́ láàmú, àmọ́ ìrókò a máa gbé òkúta pamọ́ sínú, àfi bí ẹni pé ọmọ Ẹ̀gbá ni. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ibi tí igi náà bá ti fara gbọgbẹ́ rí, èròjà funfun tó dà bí ẹfun máa ń dì síbẹ̀, a sì le gbagidi. Bíìtì irin lásán tó bá kan án, ẹnu rẹ̀ lọ nìyẹn. Kábáìdì pàápàá lè bù níbẹ̀, nítorí pé ó le ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣẹ́. Kí o tó tan ráútà, fi imú ọ̀bẹ kékeré rìn gbogbo ojú ìrókò náà, pàápàá ibi tí o bá rí ìlà tàbí àbàwọ́n funfun tàbí eérú. Bí ọ̀bẹ bá ń dún kìrìrì, òkúta ni. Fi gọ́ńjì kékeré gbẹ́ ẹ jáde, kí o fi gúlù àti ìyẹ̀fun igi ìrókò dí i. Nítorí òkúta yìí ni mo ṣe ń fẹ́ kí o wo bíìtì tó ń pààrọ̀ ẹnu lọ́jọ́ iwájú, èyí tí wọ́n fi súkúrù kékeré de abẹ onígun mẹ́rin mọ́ lórí. Bí òkúta bá bù ú, wàá yí abẹ náà sí ojú mìíràn nínú mẹ́rin, iṣẹ́ ń lọ. Ó wọ́n, torí náà, ta pátákó bíi mélòó kan ná. Èyí tí o fẹ́ rà báyìí, wo ojú ibi tí wọ́n ti jó kábáìdì mọ́ irin. Bí o bá rí ihò tàbí àlàfo níbẹ̀, dá a padà fún un.

Ìyẹ̀fun ìrókò ń fi ojú ẹni rí èèmọ̀, ó ń yún ara, ó sì ń dí èémí. Di imú dáadáa, kì í ṣe aṣọ lásán, kí o fi nǹkan sí etí.

Ohun tí mo fi sẹ́yìn yìí ló yẹ kó ṣáájú: púlọ́ọ̀gì yẹ́lò. Òun ló já mi láyà jù nínú lẹ́tà rẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ń lo irinṣẹ́ iná 110, wọ́n sì fi àwọ̀ yẹ́lò sàmì sí i. Iná tiwa 230 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gé púlọ́ọ̀gì yẹ́lò jù, wọ́n de ti ilé wa mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà sì jí, ó ké bí ẹyẹ, èéfín sì jáde kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wo ara ráútà náà, bí wọ́n bá kọ 110V sí i, ẹ̀rọ tó ń sọ iná kalẹ̀ ni kí o lọ rà, èyí tó tó 3 kVA bí ráútà rẹ bá jẹ́ wáàtì 1,800. Bí ó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ti kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní “I pass my neighbour” kò lè gbé e. Ráútà á jí ná, ṣùgbọ́n bó bá ti kan igi, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, eré rẹ̀ á dín, ojú pátákó á sì jó dúdú. Wàá rò pé bíìtì ló kú.

Má yára gbẹ́ pátákó lọ́jọ́ tí gúlù gbẹ o. Omi inú gúlù a máa wú etí igi níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Bí o bá gbẹ́ ẹ kó tó fà tán, ojú ìlẹ̀ yóò rì di kòtò kékeré nígbà tó bá yá. Fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, tó bá jẹ́ ìgbà òjò, jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ráútà, sáńpépà 80, kó o tẹ̀ lé e pẹ̀lú 120, lẹ́yìn náà 180. Fi aṣọ tútù nù ún, jẹ́ kó gbẹ, kí o tún fi 180 pa á lẹ́ẹ̀kan. Kó má di pé o fi òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa pa á, wọ́n á kan. Páráfíìnì olómi tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn ni kí o lò, kí o pa á títí orí igi náà yóò fi kọ̀ láti mu sí i.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tẹ́jú, gbé e lé táìsì ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tẹ igun méjì tó dojú kọ ara wọn, kí o tún tẹ méjì tó kù. Bí ó bá ń dún kó-kó, afárá ni kí o padà lọ wò. Ojú kejì pátákó náà, má ṣe é kí ojú kìn-ín-ní tó yọrí, torí orí ojú tó ti tẹ́jú ni yóò dùbúlẹ̀ lé.

Ti bíìtì íǹṣì méjì ààbọ̀ yẹn, lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbé pátákó tábìlì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wá fún ọ, tí ráútà rẹ sì ní ibi tí a ti ń yí eré sódò, ìgbà yẹn ni ìrìn tí ó ń dín kù yóò tó owó rẹ̀.